Aṣọ Jíǹsì Lójú Capulín

La Noria del Sauz, Zacatecas
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹwàá, 1991

Nazario, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jà? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, àmọ́ ìyẹn ò kúkú jẹ́ ìròyìn mọ́. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé, o ṣeun. Fọ́tò tí o ní o máa fi sí i ni mi ò rí. Àbí o ti sanra débi pé ojú ń tì ọ́?

Òjò ọdún yìí dára. Koríko orí òkè ga dé ìhà ewúrẹ́, ó sì ti gbẹ báyìí, gbogbo èso rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ mi ní ibọ̀sẹ̀. Tí mo bá délé, mo máa ń jókòó tu wọ́n títí ẹ̀wà á fi jóná lórí iná.

Ọ̀rọ̀ Capulín, ajá rẹ, ló mú mi kọ̀wé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó kó àwọn ewúrẹ́ dé nírọ̀lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ó di ojú ọ̀tún pa, omi sì ń dà níbẹ̀. Mo rò pé eruku ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ojú ti pọ́n bí tòmátì, ó ń fi ẹsẹ̀ ha á, ó ń fi orí nu ògiri. Ojú òsì ò ṣe nǹkan kan ní tiẹ̀. Mo fẹ́ wò ó, ó bú mọ́ mi. Mo gbé ẹran síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹran tán, ó tún bú mọ́ mi.

O mọ irú ajá tó jẹ́. Ìwọ náà lo gbé e kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là, tí o fi í sábẹ́ ewúrẹ́ pupa yẹn kó máa mu ọmú, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ ti kọ́ ọ. Ewúrẹ́ ló pe ara rẹ̀. Òun àti èèyàn ò ní nǹkan pọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó gbà kó kan orí òun ni tìrẹ, torí ìwọ lo máa ń di orí náà mú mọ́ ọmú. Ìwọ sì wà ní Montana.

Don Crescencio, aládùúgbò wa tó ń sin ewúrẹ́ tiẹ̀, ní ká lọ ṣúgà kúnná ká fẹ́ ẹ sí i lójú. Mo ní kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sójú ìyàwó rẹ̀ ká wò ó. Dókítà ẹran tó wà nígboro, ẹṣin àwọn olówó ló ń tọ́jú, báwo ni mo sì ṣe fẹ́ gbé ajá tí kì í jẹ́ kéèyàn kan òun wọ bọ́ọ̀sì?

Nazario, láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ajá yìí ló ń da ẹran. Èmi ò lè gun òkè yẹn mọ́. Tí ojú rẹ̀ bá lọ, ẹran á lọ, tí ẹran bá sì lọ, kí ni mo tún ń ṣe láyé? Sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù ti kú láti ìgbà tí àrá ti sán, lẹ́tà ni kó o kọ. Kí o sì sọ fún mi bóyá ò ń bọ̀ fún Kérésì. Tèsí o ní ò ń bọ̀, mo se tàmálè sílẹ̀, ìkòkò kan, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́.

Ìyá rẹ,
Eutimia


Montana
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1991

Màmá mi,

Mo tọrọ ìbùkún yín. Ara mi le. Yìnyín àkọ́kọ́ ti já, kò pọ̀. Mi ò sanra, iṣẹ́ ibí yìí kì í jẹ́ kéèyàn sanra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Capulín. Ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n! Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iṣẹ́ ojú pípọ́n ni mo ṣe níbí. Àpólò ń mú àwọn ọmọ màlúù, eṣinṣin ló ń kó o káàkiri, ojú á pọ́n, á máa sun omi, á wá di funfun. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i? A máa dá màlúù náà dùbúlẹ̀, a ó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì àlòkù, a ó pa gọ́ọ̀mù yí egungun ojú náà ká, a ó wá lẹ jíǹsì mọ́ ọn, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá lẹ páálí dí ojú fèrèsé. Oòrùn ò ní í wọlé, eṣinṣin ò ní í wọlé. Tó bá yá, aṣọ náà á já bọ́ fúnra rẹ̀, ojú á sì ti mọ́ kedere. Halvorson, ọ̀gá mi, sọ fún gbogbo ènìyàn pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára tó tèmi nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé ọmọ yín kò wá ṣeré.

Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa di Capulín mú. Òògùn tí wọ́n ń kán sójú lójoojúmọ́, ta ló máa bá a jà ojoojúmọ́? Ẹ ní kí Don Crescencio fi okùn mú un, kẹ́ ẹ da kúbùsù bò ó, kẹ́ ẹ dè é lẹ́sẹ̀. Jíǹsì mi àtijọ́ wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gé e. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà náà dára.

Ẹ má ṣí i o, Màmá. Àṣìṣe tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń ṣe nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣí i, ẹ má dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa já bọ́.

Ti Kérésì, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó. Ọ̀gá ń fẹ́ ẹni tó máa fún màlúù ní koríko nínú yìnyín, tí mo bá sì lọ, mi ò mọ̀ bóyá màá tún rí ọ̀nà gba ẹnu ibodè wọlé padà.

Ọmọ yín,
Nazario


La Noria del Sauz
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kọkànlá, 1991

Nazario, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, mo kà á fún Don Crescencio sókè ketekete kó lè mọ̀ pé mo ní ọmọ. A ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo gé ẹsẹ̀ kan lára jíǹsì tí o máa ń wọ̀ lọ sí ijó. Ó dùn mí bí mo ṣe ń gé e, mo tiẹ̀ gbóòórùn rẹ kó tó di pé mo ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Don Crescencio sọ okùn sí i lọ́rùn, a bò ó ní kúbùsù, ó bu bàbá náà jẹ lọ́rùn ọwọ́ kí a tó dè é. A pa gọ́ọ̀mù yí ojú náà ká, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ajá náà ò gbó. Ṣe ló ń sunkún lábẹ́ kúbùsù.

A ti ṣe Ọjọ́ Àwọn Òkú. Mo ro ibojì bàbá rẹ, mo gbé òdòdó pupa-rúsúrúsú síbẹ̀, mo gbé ẹ̀wà àti ọtí líle díẹ̀ fún un, èyí tó ní dókítà ní kóun má mu. Gbogbo ọmọ àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn ibodè ló wá, àfi bíi mẹ́ta. Wọ́n bi mí léèrè rẹ, mo ní o ti di igi lẹ́yìn ọgbà fún ọ̀gá rẹ. Wọ́n ní áà, ó dára.

Ara Capulín ò yá, Nazario. Kò jẹun. Ó ń sùn láàárín àwọn ewúrẹ́, ó fi orí ti ògiri, ewúrẹ́ pupa ń lá a létí. Nǹkan kan ń ṣàn jáde lábẹ́ aṣọ náà, ó ní àwọ̀ bíi wàrà tó kan, ó sì ń rùn. Don Crescencio wá lánàá, ó ní, "Eutimia, jẹ́ ká ṣí nǹkan yìí wò." Mo ní, "Ọmọ mi ní ká má ṣí i." Ó ní, "Ọmọ rẹ ò rí ajá yìí." Mo ní, "Ọmọ mi wà níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ìwọ tó o fẹ́ fẹ́ ṣúgà sí i lójú, kí lo mọ̀?" Mo tún sọ àwọn nǹkan mìíràn tí mi ò lè kọ sínú ìwé. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ, kò tíì kí mi láti ìgbà náà.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rùn lára àwọn màlúù náà? O ò sọ ti òórùn fún mi. Kọ̀wé kíá. Mi ò ní í ṣí i títí màá fi gbọ́ láti ẹnu rẹ.

Ìyá rẹ,
Eutimia


Montana
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, 1991

Màmá,

Tí ẹ bá ti lẹ aṣọ yẹn, ẹ ṣí i. Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì kà á tán, ẹ lọ ṣí i. Ẹ fi òróró rọ gọ́ọ̀mù náà, kẹ́ ẹ máa rọra bó o. Ẹ wá padà wá ka ìyókù.

Dókítà ẹran wá sí oko lónìí láti wo àwọn abo màlúù tó ti lóyún. Obìnrin ni, àgbàlagbà, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀. Mo ń bá a di màlúù mú, mo wá ń fọ́nnu fún un pé mo ti fi jíǹsì wo ojú ajá sàn ní ilé láti ibí yìí. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ojú kan ni àbí méjèèjì?" Mo ní ojú kan. Ó ní, "Ṣé ojijì ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń di ojú náà pa, tó ń fẹsẹ̀ ha á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé koríko gbígbẹ wà níbi tó ti ń jẹko?" Màmá, mo rántí ibọ̀sẹ̀ yín.

Ó ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú kí ojú ajá pọ́n. Afẹ́fẹ́ àti eruku lè fà á. Tí wọ́n bá jà tí èékánná ha á, á pọ́n. Omijé lè gbẹ lójú ajá tó ń dàgbà, ìpéǹpéjú lè ká sínú kí irun rẹ̀ máa gún ẹyinjú, àìsàn tí eégbọn ń kó sínú ẹ̀jẹ̀ náà máa ń yọ lójú. Ó ní èyí tó burú jù ni kí omi inú ẹyinjú kún ju bó ṣe yẹ lọ, kí ojú le bí òkúta, kí dúdú ojú fẹ̀; ìyẹn lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ kan. Àmọ́ ó ní tó bá jẹ́ ojú kan, lójijì, lásìkò koríko gbígbẹ, ohun àkọ́kọ́ tí òun máa wá ni èso koríko. Ajá ní ìpéǹpéjú kẹta ní kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, abẹ́ rẹ̀ ni èso náà máa ń sá sí. Ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn, iwájú ló ń lọ ṣáá. Gbogbo ìgbà tí ajá bá ṣẹ́jú, ó ń ya ẹyinjú ni.

Mo ní, jíǹsì wá ńkọ́? Ó ní ti màlúù yàtọ̀, kòkòrò ló ń ṣe é, eṣinṣin àti oòrùn ló ń dà á láàmú, ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń ràn án lọ́wọ́. Ó ní ti ajá yìí, ṣe ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ olè nínú ilé.

Ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ se omi, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ dà á sójú náà dáadáa kí ẹ̀gbin lè jáde. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ imú. Tí ẹ bá rí ìrù èso náà, tó sì ń mì, ẹ fà á jáde lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ti gún wọ inú ẹyinjú, ẹ má fà á o, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ìgboro, ẹni tó ń wo ẹṣin náà á mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, òògùn ojú tó ń pa kòkòrò, èyí tó wà nínú túùbù. Ẹ sọ fún wọn ní ilé òògùn pé kò gbọdọ̀ ní kọ̀tísóònù nínú. Ó ní ìyẹn máa ń mú kí pupa lọ kíá, inú àwọn èèyàn á dùn, ẹyinjú tó ti ní egbò á sì bẹ́.

Mo bá ọkọ̀ wọ ìlú, mo pe tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù. Kò dún rárá. Mo tún pè é.

Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣí i.

Nazario


Montana
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1991

Màmá mi,

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹrin tẹ̀ mí lọ́wọ́ lónìí. Mo kà á nínú ilé màlúù, mi ò lè gbé ṣọ́bìrì mọ́. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ sọ fún mi pé tèmi ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ sọ pé Don Crescencio ò gbọ́ tiyín, ó wá ṣí i ní tipátipá. Òórùn yẹn, kì í rùn bẹ́ẹ̀ lára màlúù, Màmá. Mi ò mọ ìdí tí ẹ ò fi gbọ́ ti bàbá yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má gbọ́.

Mo lọ bá Halvorson, mo ní mo fẹ́ lọ sílé. Ó ní nítorí ajá? Mo ní ọwọ́ mi nìkan ni ajá náà gbà. Ó ní òun ò dá mi dúró, àmọ́ màlúù ò lè dúró dè mí nínú yìnyín, ẹlòmíràn ló máa wà nípò mi tí mo bá padà dé, tí mo bá rọ́nà padà dé. Ó fún mi ní kọfí. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí ojú náà ṣe rí sí mi. Tó bá jẹ́ pé ó ṣì burú, tó sì ń fẹ́ ẹni tó máa di orí rẹ̀ mú, màá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, màá wá. Tó bá sì ti ń sàn, ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ òtútù yìí, kí n wá nígbà tí ojú ọjọ́ bá là. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ ni màá ṣe.

Mo ń dúró.

Nazario


La Noria del Sauz
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 1991

Nazario,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé lọ́sẹ̀ kan náà. Òjíṣẹ́ lẹ́tà ní wọ́n ti wà nígboro, ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Èyí tí o fi ìbẹ̀rù kọ ni mo kọ́kọ́ ṣí. O ní kí n má kà á tán kí n tó lọ ṣí aṣọ náà. Mo kà á tán. Kò sí aṣọ kankan mọ́ láti ṣí.

Ó ti já bọ́ fúnra rẹ̀, bí o ṣe wí. Mo rí i láàárọ̀ kan lórí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Mo mú un, mo rò pé ìwòsàn ti dé, mo ń pe orúkọ rẹ bí mo ṣe ń lọ sídìí ògiri lọ wo ajá. Ojú ti bẹ́, Nazario. Ihò ló wà níbẹ̀. Èso koríko náà lẹ̀ mọ́ inú jíǹsì, èyí kékeré báyìí, irú èyí tí mo ń tu lára ibọ̀sẹ̀ mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà ẹran, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Mo se omi iyọ̀, mo fi fọ ihò náà. Ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Kò ní agbára tó fi máa kọ̀ fún mi mọ́ ni, kì í ṣe pé ó gbà mí. Bí ara rẹ̀ ṣe yá díẹ̀ báyìí, tó bá gbóòórùn mi, ó ń kúrò níbẹ̀. Ó mọ ọwọ́ tó tẹ aṣọ náà mọ́ òun lójú.

Ó tún bá ẹran lọ sórí òkè. Àwọn ajá igbó kóyótè ò pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìhà tí kò ti ríran. Ìhà ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n gbé àwọn ọmọ ewúrẹ́, wọ́n wá padà wá gbé ewúrẹ́ pupa tó fún un lọ́mú. Don Crescencio ló rí ìyókù rẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, èmi Eutimia, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí alágbe. Ó ní kí n wọlé, ìyàwó rẹ̀ fún mi ní ẹ̀kọ àtólè mu, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo ní kó dá àwọn ewúrẹ́ tó kù pọ̀ mọ́ tiẹ̀. Ó kó wọn. Bó ṣe ń kó wọn lọ, Capulín náà tẹ̀ lé wọn. Kò wẹ̀yìn wò. Ewúrẹ́ kúkú ni, ibi tí àwọn ewúrẹ́ bá wà ni ilé rẹ̀.

Nítorí náà, kò sí nǹkan tó ń mí nínú ọgbà yìí mọ́ àfi èmi àti adìẹ. Mo ṣì máa ń jí ní àkókò tí mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ewúrẹ́. Mo máa ń jáde dúró síbẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mi ò dá ọ lẹ́bi. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo dá ọ lẹ́bi. O wà lọ́nà jíjìn, o ò rí nǹkan, o sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó rí i. Mo sì dá ara mi lẹ́bi ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí imú mi ń gbóòórùn, ojú mi ń rí i, mo sì ń ní kí gbogbo wọn panu mọ́ torí pé ọmọ mi kọ lẹ́tà sí mi. Mo fẹ́ràn lẹ́tà náà ni. Ó ti pẹ́ tí o ti ní kí n ṣe nǹkan kan gbẹ̀yìn.

O ní kí n kọ bí ojú ṣe rí, kí o lè mọ̀ bóyá o máa wá. Ojú ti lọ. Kò burú mọ́, kò sì ní í sàn, kò sẹ́ni tó tún nílò láti di orí rẹ̀ mú. Tó bá jẹ́ nítorí ojú ajá lo ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, jókòó ti màlúù rẹ.

Tó bá jẹ́ nítorí mi, o ò tíì bi mí léèrè.

Ìyá rẹ,
Eutimia